Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Odidi Ìtumọ̀: Ohun tí Amẹ́ríkà Gbọ́ nínú Orin Rọ́ọ̀kì



Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òwe yìí yin olùgbọ́. Ó gbà pé olùsọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń dá ìtumọ̀ sílẹ̀. Olùgbọ́ ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí a ó ṣe bí àbọ̀ tí olùgbọ́ fi kún ọ̀rọ̀ kò bá bá àbọ̀ tí olùsọ̀rọ̀ fi sílẹ̀ mu. Ta ni yóò mọ̀? Kí ni a ó fi wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, orin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo sì fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan lè béèrè pé kí ni ó da olùkọ́ lítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ ariwo gìtá. Ìdáhùn mi jẹ́ méjì. Èkíní ni pé ní ọdún 2016, àwọn tí ó ń fún ni ní ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ gbé e fún Bob Dylan, ẹni tí orin ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwa tí a tọ́ dàgbà nínú oríkì, ìjálá àti ẹkún ìyàwó kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún wa pé ohun tí a ń kọ lórin lè jẹ́ lítíréṣọ̀. Èkejì ni ó wúwo jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ewì kan túmọ̀ nínú kíláàsì, máàkì ni ó pàdánù. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ, gómìnà ìpínlẹ̀, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, olùdíje fún ipò ààrẹ, àti àwọn òbí tí ọmọ wọn kú ni wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ orin. Ohun tí olúkúlùkù wọn pè ní ìtumọ̀ so èso tí ẹlòmíràn jẹ.

Ìpìlẹ̀ àlàyé mi ni èyí: ìtumọ̀ orin kì í ṣe ìṣúra tí a rì mọ́lẹ̀, tí ẹni tí ó bá gbẹ́ jìn jù lọ ni yóò kàn án. Ó wà nínú ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú orin, nínú ohùn tí ó fi sọ ọ́, àti nínú ẹni tí ó ń sọ ọ́ fún. Ẹni tí ó bá sọ pé òun gbọ́ ohun mìíràn ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ni ẹrù ẹ̀rí wà.

1. Ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́

Ní ọdún 1955, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí a ń pè ní Richard Berry ń kọrin ní àwọn ilé ijó Los Angeles àti agbègbè rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ orin René Touzet, ọmọ ilẹ̀ Kúbà tí ó ń tẹ dùùrù, èyí tí a pè ní “El Loco Cha Cha”. Ìró tí ó ṣí orin náà wọ Berry lára, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé e lórí. “Louie Louie” ni ó sọ ọ́, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1957.

Ìtàn inú orin náà kò ṣòro. Atukọ̀ kan jókòó ní ilé ọtí, ó ń bá ọlọ́tí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Louie sọ̀rọ̀. Àárò ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn ní Jàmáíkà ń sọ ọ́. Ó ń ka ọjọ́ tí yóò lò lójú omi, ó sì ń fojú inú wo bí òun yóò ti gbá a mọ́ra nígbà tí òun bá gúnlẹ̀. Berry fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò pé délẹ̀ sí i lẹ́nu, kí a lè mọ̀ pé ará erékùṣù ni. Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọdún 1960 tó dé, Berry ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí orin náà ní 750 dọ́là, nítorí pé ó ń wá owó tí yóò fi gbé ìyàwó.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1963, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní The Kingsmen, wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ láti tún orin náà kọ. Owó tí wọ́n ná sí i kò ju nǹkan bí 50 dọ́là lọ. Wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn rọ̀ sókè gan-an, ó sì di dandan fún akọrin wọn, Jack Ely, kí ó gbójú sókè kí ó máa ké. Wáyà tí àwọn oníṣègùn fi ń to eyín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí gìtá dákẹ́ láàárín orin, Ely yára wọlé ṣáájú àkókò, ó dúró, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Wọn kò yọ àṣìṣe náà kúrò. Ohun tí ó jáde lórí àwo ni ìlù tí ó gbóná, gìtá tí ó han gooro, àti ohùn ènìyàn tí a kò lè mọ̀ bí ó ti ń pe ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó ti dé ipò 2 lórí àtẹ ìwé ìròyìn Billboard.

Níbi tí etí kò ti rí nǹkan dì mú ni ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe ni ó wà nínú orin náà, àti pé bí a bá fi àwo tí ó yẹ kí ó yípo 45 nígbà ní ìṣẹ́jú kan sí yíyípo 33, gbogbo rẹ̀ yóò hàn. Wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní àwọn gbọ́ sínú ìwé, ìwé náà sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé àwọn ìwé wọ̀nyí kò bá ara wọn mu. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú orin lóòótọ́, ẹni mẹ́wàá tí ó gbọ́ ọ yóò súnmọ́ ara wọn. Bí olúkúlùkù bá gbọ́ tirẹ̀, inú ara wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Irú èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwa tí a mọ dùndún mọ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ìlù ń gbé jáde, kì í gbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì rẹ̀ jáde. Nítorí náà gbólóhùn púpọ̀ lè bá ìró kan mu. Ìlù tí rédíò Ìbàdàn fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ ní ayé àtijọ́ ní gbólóhùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan gbọ́ ìbéèrè nípa ẹni tí yóò jẹ Olúbàdàn nínú rẹ̀, àwọn mìíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ onígbèsè. Ẹ̀rín ni a fi rín in. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọ̀mọ̀ràn tí òwe náà ń sọ ni ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ onílù.

Ní Amẹ́ríkà, wọn kò rín ẹ̀rín. Ní oṣù kìíní ọdún 1964, Matthew Welsh, gómìnà ìpínlẹ̀ Indiana, sọ pé orin náà kò bójú mu, ó sì rọ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kí wọ́n má ṣe lù ú mọ́. Ní àkókò kan náà, òbí kan ní ìpínlẹ̀ Florida kọ lẹ́tà sí Robert Kennedy, tí ó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ilẹ̀ náà, pé kí ìjọba ṣe nǹkan. Àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI bẹ̀rẹ̀ ìwádìí bóyá àwo náà rú òfin tí ó ka gbígbé ohun ìṣekúṣe láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn léèwọ̀. Ìwádìí náà gba ọdún 1964 kọjá wọ 1965. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn lu àwo náà kíákíá, wọ́n lù ú jẹ́jẹ́. Ìwé tí wọ́n kó jọ lé ní ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Níkẹyìn, àbọ̀ wọn kò ju pé orin náà kò yé ẹnikẹ́ni, àti pé a kò lè fi ohun tí kò yéni pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ orin gan-an, bí Berry ti kọ ọ́, wà nínú fáìlì wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò bi Jack Ely, ẹni tí ó kọ ọ́ lórin, léèrè ohun tí ó wí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn. Ohun tí ó tún jọni lójú ni pé kété lẹ́yìn tí orin náà bẹ̀rẹ̀, onílù àwọn Kingsmen ṣe àṣìṣe, a sì lè gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni ń ṣépè. Àwọn tí ó ti tẹ́tí sí i dáadáa ní ọ̀rọ̀ rírùn ni ó sọ. Èyí tí ó wà níbẹ̀ kò bá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ létí, nítorí pé ibòmíràn ni wọ́n ti ń wá a.

Ìfura náà kò sì kú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005, ọ̀gá àgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Benton Harbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, kọ̀ fún ẹgbẹ́ afunfèrè àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan láti lu “Louie Louie” níbi ayẹyẹ ìlú, kí ó tó yí ìpinnu rẹ̀ padà. Fèrè àti ìlù ni àwọn ọmọ náà fẹ́ lò. Kò sí ẹni tí yóò la ẹnu kọrin nínú wọn.

2. Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ tí a kò fetí sí

Ẹnì kan lè sọ pé àìgbọ́ ni ó fa gbogbo wàhálà yìí, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá ti hàn, ìtumọ̀ yóò hàn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí kejì.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1984, Bruce Springsteen gbé àwo “Born in the U.S.A.” jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a tẹ̀ sínú ìwé tí ó bá àwo náà rìn. Nínú orin tí ó fún àwo náà lórúkọ, ọkùnrin kan ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ìlú tí ó ti ń kú lọ ni a bí i sí. Ó kó sínú ìjọ̀gbọ̀n, wọ́n sì rán an lọ sí ogun Vietnam. Ó padà dé, ilé iṣẹ́ ìfọpo kò gbà á síṣẹ́, ẹni tí ìjọba fi sípò láti tọ́jú àwọn tí ó ti ogun bọ̀ kò sì rí nǹkan ṣe fún un. Ó rántí ẹnì kan tí ó ṣubú ní Khe Sanh. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá, kò sì sí ibi tí ó lè gbà. Ogun náà pa ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó lé ní 58,000. Ẹni tí ó yè níbẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n orin náà ní ègbè, ègbè rẹ̀ kò sì sọ ju ilẹ̀ tí a bí ọkùnrin náà sí lọ. Ìlù ńlá àti ẹ̀rọ olóhùn bíi fèrè ogun ni ó gbé e. Ẹni tí ó bá fetí sí lílé rẹ̀ yóò gbọ́ ẹjọ́ tí ọmọ ń bá ilẹ̀ baba rẹ̀ ṣe: ìwọ ni o bí mi, kí ni o wá fi mí ṣe? Ẹni tí ó bá fetí sí ègbè nìkan yóò gbọ́ ìyangàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, gbajúgbajà akọ̀ròyìn kan, George Will, tí ó lọ wo eré Springsteen, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ègbè náà jẹ́ ìfọwọ́sí aláyọ̀ fún ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà, Ààrẹ Ronald Reagan, tí ó ń wá ìbò lẹ́ẹ̀kejì, dúró ní Hammonton ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí a bí Springsteen sí, ó sì yin àwọn orin ọmọ ìpínlẹ̀ náà fún ìrètí tí ó wà nínú wọn. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, lórí ìtàgé ní Pittsburgh, Springsteen ṣe kàyéfì pé orin òun wo ni Ààrẹ ń gbọ́, ó sì kọ “Johnny 99”, ìtàn ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì pa ènìyàn.

Ó rọrùn láti sọ pé àwọn olóṣèlú purọ́. Èmi kò ní dá ẹjọ́ náà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1982, Springsteen ti kọ́kọ́ gba orin yìí sílẹ̀ ní òun nìkan, pẹ̀lú gìtá kan ṣoṣo, ní ohùn ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọdún 1998 ni ó tó gbé ti àkọ́kọ́ yìí jáde. Bí a bá gbọ́ ọ, kò sí ẹni tí yóò pè é ní orin ìyangàn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn onímọ̀ ewì alohùn Yorùbá ti kọ́ wa tipẹ́ pé oríkì kan náà lè wọnú ìjálá, kí ó wọnú rárà, kí ó sì wọnú ẹkún ìyàwó; ohùn ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ohùn jẹ́ ara ìtumọ̀. Nínú àwo ọdún 1984, ohùn ègbè ń fa olùgbọ́ sí ìhà kan, ọ̀rọ̀ lílé ń fà á sí ìhà kejì. Ìjà tí ó wà láàárín méjèèjì gan-an ni orin náà. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan tí ó sì sọ èkejì nù kò ì tíì túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó sì pàdánù jù níbẹ̀ ni ọkùnrin tí ó ti ogun dé, nítorí pé gbogbo pápá ìṣeré ń ké ègbè rẹ̀, tí etí kò sì sí fún ìròyìn rẹ̀.

3. Ọ̀rọ̀ tí kò sí níbẹ̀

Ẹ̀rí kẹta bani nínú jẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1985, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní ìlú Sparks, ní ìpínlẹ̀ Nevada, mu ọtí, wọ́n fa igbó, wọ́n sì gbọ́ orin ẹgbẹ́ Judas Priest ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìbọn. Ọ̀kan kú lójú ẹsẹ̀. Èkejì yè é pẹ̀lú ọgbẹ́ búburú, ó sì kú ní ọdún 1988. Àwọn ìdílé wọn pe ẹgbẹ́ náà àti ilé iṣẹ́ tí ó gbé àwo wọn jáde lẹ́jọ́.

Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí akọrin bá kọ ní gbangba. Nítorí náà, ẹjọ́ tí a bá gbé ka orí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn gbọ́ kò lè lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n adájọ́ pinnu pé ààbò náà kò kan ọ̀rọ̀ tí a bá fi pamọ́ sábẹ́ ohùn tí etí kò mọ̀ pé òun ń gbọ́. Ẹ wo ohun tí èyí fa. Òfin fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ di ohun tí olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ rí. Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Reno ní ọdún 1990, wọ́n ní àwọn gbọ́ àṣẹ kúkurú kan, pé kí a ṣe é, nínú “Better by You, Better than Me”, orin kan lórí àwo “Stained Class” ti ọdún 1978. Kódà àwọn Judas Priest kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orin náà. Ẹgbẹ́ Spooky Tooth ni ó ni ín.

Rob Halford, akọrin wọn, kọrin níwájú adájọ́ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ bí èémí rẹ̀ ti ń jáde ní ìparí ọ̀rọ̀. Ó tún lu apá kan nínú orin wọn sẹ́yìn, ó sì fi hàn pé bí a bá ti sọ fún ènìyàn ohun tí yóò gbọ́, yóò gbọ́ gbólóhùn ẹ̀fẹ̀ nípa àga tí ó ṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ, Adájọ́ Jerry Carr Whitehead dá ẹgbẹ́ náà láre. Ó gbà pé ìró kan wà níbẹ̀ tí a lè gbọ́ bí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní èémí akọrin àti ìró gìtá ni ó ṣèèṣì pàdé. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀.

Kò yẹ kí a fi àwọn òbí wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ń béèrè ìdí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí sì rọrùn láti gbé ju ìgbésí ayé ọmọ tí ó ti dàrú lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí olùtumọ̀ ṣọ́ra. Ìtumọ̀ èké kò ní tu ọ̀fọ̀ nínú. Yóò kàn gba ojú wa kúrò lára ọtí, ìbọn, ilé àti ìdààmú ọkàn, tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò kí ọmọ mìíràn má baà tún kú.

4. Ìlànà olùtumọ̀

Ǹjẹ́ a ó wá sọ pé kí a béèrè lọ́wọ́ akọrin, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀? Rárá. Ní ọdún 1967, John Lennon ti ẹgbẹ́ The Beatles gbé “I Am the Walrus” jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà èwe ròyìn pé lẹ́tà kan dé láti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n jọ lọ ní Liverpool, pé olùkọ́ kan ń fi orin Beatles kọ́ kíláàsì rẹ̀ bí a ti ń túmọ̀ ewì. Ó pa Lennon lẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kó ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí sínú orin náà kí àwọn olùkọ́ lè fi ṣe wàhálà. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ ewì eléré-ọ̀rọ̀ Lewis Carroll, níbi tí Lennon ti rí ẹranko àkọlé rẹ̀, kò ní sọ pé orin náà ṣófo. Akọrin jẹ́ ẹlẹ́rìí pàtàkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe adájọ́.

Nítorí náà, mo dábàá ìbéèrè mẹ́ta fún ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ orin. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀? Ẹni tí ó bá mọ̀ pé atukọ̀ ni ó ń bá ọlọ́tí sọ̀rọ̀ kò ní wá ìṣekúṣe kiri. Irú ohùn wo ni a fi sọ ọ́, ǹjẹ́ ohùn náà sì bá ọ̀rọ̀ rìn àbí ó ń bá a jà? Níkẹyìn, kí ni èmi olùgbọ́ gbé wá kí orin tó bẹ̀rẹ̀: ìbẹ̀rù ni, ìbò ni, tàbí ọ̀fọ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ni gómìnà, olóṣèlú àti àwọn agbẹjọ́rò kò bi ara wọn.

Richard Berry kú ní ọdún 1997. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni ó tó rí apá kan nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ kan ti ka orin rẹ̀ sí ìwé ẹlẹ́gbin, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó kọ kò ju àárò ilé ọkùnrin kan lọ, ọkùnrin tí ó ń bẹ ẹni tí ó ń ta ọtí fún un pé kí ó jọ̀wọ́ gbọ́ òun. Louie nìkan ni a kò gbọ́ pé ó ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.